Láti Ìjọ́rà dé Grenoble: Ìtàn Ìmọ́lẹ̀ Tó Mú Sí i Tí Owó Iná Rẹ̀ Sì Dín Kù

Ìtàn ni mo tún gbé wá, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìtàn ọba, kì í sì í ṣe ìtàn ogun. Ìtàn ìmọ́lẹ̀ kan ni tí ojú ẹ̀dá kò lè rí, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí X-ray. Mo fẹ́ sọ bí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ṣe rí ọgbọ́n dá sí i, tí ìmọ́lẹ̀ náà fi mú ju ti àtẹ̀yìnwá lọ ní ìlọ́po 100, tí iná mànàmáná tí ẹ̀rọ rẹ̀ ń jẹ sì dín kù lẹ́sẹ̀ kan náà.

Ẹni tó bá gbé Ajégúnlẹ̀ rí ni yóò tètè mọ ìdí tí ọ̀rọ̀ yìí fi gbà mí lọ́kàn. Òfin tí a bá nílẹ̀ ní àdúgbò náà ni pé ẹni tó bá fẹ́ iná púpọ̀, epo púpọ̀ ni yóò rà. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí àwọn ènìyàn sọ ní "I better pass my neighbour" kò lè gbé ju gílóòbù mélòó kan, fáànù kan àti tẹlifíṣọ̀n lọ. Bí onílé bá fẹ́ kí fíríìjì ṣiṣẹ́, yóò ra èyí tó tóbi jù ú lọ, èyí tó tóbi náà yóò sì máa mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Láti ọjọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti dópin, ọ̀pọ̀ ilé ló ti gbé jẹnẹrétọ̀ wọn sí kọ̀rọ̀. Bí ẹ bá wá sọ fún irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ pé iná kan wà tó ń mọ́lẹ̀ sí i bí oúnjẹ rẹ̀ ti ń dín kù, wọn yóò ní àlọ́ lẹ ń pa.

Ẹ jẹ́ kí n fi ilẹ̀ hàn yín díẹ̀, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ kò mọ Èkó. Ajé ló gúnlẹ̀ sí Ajégúnlẹ̀. Ẹ kíyè sí ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn: ọkọ̀ ojú omi ló ń gúnlẹ̀ sí èbúté, mọ́tò kì í gúnlẹ̀. Orúkọ ìlú náà ti sọ irú aládùúgbò tó ní. Bí ènìyàn bá kọjá ibi tí wọ́n ń pè ní Boundary, Àpápá ló bọ́ sí, níbi tí èbúté wà. Ọdún 1921 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ èbúté Àpápá, ibùdúró mẹ́rin àkọ́kọ́ fún àwọn ọkọ̀ ńláńlá sì parí ní ọdún 1926. Ìjọ́rà wà nítòsí, ibẹ̀ ni wọ́n kọ́ ilé iná sí ní ọdún 1923.

Iná mànàmáná kọ́kọ́ dé Èkó ní ọdún 1896. Ẹ̀rọ kéékèèké méjì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, agbára àwọn méjèèjì lápapọ̀ kò sì ju 60 kìlówáàtì lọ. Jẹnẹrétọ̀ ilé ìtura kan ṣoṣo ní Àpápá lónìí lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí ìlú ń fẹ̀, wọ́n kọ́ ti Ìjọ́rà. Nígbà tí ti Ìjọ́rà kò tó mọ́, wọ́n kọ́ èkejì tì í, Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ló sì ṣí i nígbà tó wá sí Nàìjíríà ní ọdún 1956. Èédú ni wọ́n ń dá iná sí níbẹ̀. Orúkọ ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó iná yí padà léraléra: ECN ní ọdún 1950, NEPA ní ọdún 1972, PHCN ní ọdún 2005, kí ìjọba tó pín in fún àwọn aládàáni ní ọdún 2013. Ní gbogbo àsìkò yìí, ìdáhùn kan náà ni ìjọba ń fún ìbéèrè kan náà. Bí iná kò bá tó, ẹ kọ́ ilé iná tó tóbi sí i. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni bèèrè pé mélòó nínú iná tó wà nílẹ̀ ló ń ṣòfò.

Nígbà tí ECN ń wá ère tí wọn yóò gbé síwájú olú ilé-iṣẹ́ wọn ní Marina, Ben Enwonwu ni wọ́n gbé iṣẹ́ náà fún, Ṣàngó ló sì fi idẹ ṣe fún wọn ní ọdún 1964. Ẹni tó sọ iná náà ní iná mànàmáná àti ẹni tó gbé Ṣàngó síbẹ̀, ìrònú kan náà ni wọ́n ní: agbára tó ń sán, tó ń bú ramúramù. Ìmọ́lẹ̀ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í bú. Ìwà pẹ̀lẹ́ ni wọ́n fi kọ́ ọ láti mọ́lẹ̀.

Ní ọjọ́ 8 oṣù kọkànlá ọdún 1895, ní ìlú Würzburg ní Jámánì, Wilhelm Conrad Röntgen kíyè sí i pé ìtànṣán kan ń jáde láti inú ìgò tó ń lò fún ìwádìí, ó sì ń la páálí dúdú kọjá. Kò mọ ohun tí ó jẹ́, nítorí náà ó pè é ní X, bí àwọn onímọ̀ ìṣirò ti ń pe ohun tí a kò tíì mọ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó ti ya àwòrán egungun ọwọ́ ìyàwó rẹ̀, tòun ti òrùka ìgbéyàwó. Ní ọdún 1898, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn náà, dókítà ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kan, Battersby, ti ń ya X-ray àwọn tó fara gbọgbẹ́ lógun ní Sudan. Kò sí ilé iná nínú aṣálẹ̀ níbẹ̀. Kẹ̀kẹ́ elérò méjì ni wọ́n ń wà lórí ìdúró kí wọ́n lè rí iná tí yóò gba inú bátìrì. Àtìgbà náà ni X-ray ti ń bá ọ̀rọ̀ àìsí iná pàdé ní Áfíríkà.

Báwo ni ìgò Röntgen ṣe ń ṣiṣẹ́? Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù, èyíinì ni àwọn èérún tíntìntín tó ń rìn nínú wáyà kí gílóòbù tó tàn, ni wọ́n ń lé ní eré burúkú títí wọn yóò fi forí sọ irin kan. Ibi tí wọ́n ti forí sọ irin náà ni ìtànṣán ti ń jáde. Àbùkù rẹ̀ ni pé nínú ọ̀nà 100 agbára tí a ná sí i, nǹkan bí 99 ló ń di ooru lásán, ẹyọ kan péré ló ń di X-ray. Ó dà bí ẹni tó ra epo sínú agbè tó ti lu, tó wá ń fi ìwọ̀nba tó kù sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ se ọbẹ̀.

Ìlànà yìí kan náà ni wọ́n gbé wá sí èbúté Àpápá. Nígbà tí Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí yẹ ẹrù wò ní èbúté tirẹ̀ ní ọdún 2006, dípò kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ wò ní ìlú tí ó ti ń bọ̀, wọ́n kó ẹ̀rọ X-ray wá láti máa wo inú àpótí ẹrù tí a ń pè ní kọ̀ǹténà láìṣí ilẹ̀kùn rẹ̀. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ju ti ilé ìwòsàn lọ fíìfíì. Ó ń lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lójú ọ̀nà tààrà pẹ̀lú agbára tó tó ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù fóòtì, kí ìtànṣán tó jáde lè la irin kọ̀ǹténà àti ẹrù inú rẹ̀ já. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kejìlá ọdún 2013, àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń bójú tó wọn fi wọ́n lé Kọ́sítọ́ọ̀mù lọ́wọ́. Lẹ́yìn náà ni àwọn ẹ̀rọ náà bẹ̀rẹ̀ sí kú lọ́kọ̀ọ̀kan, tó fi di pé ọwọ́ ni wọ́n tún ń fi tú ẹrù. Ẹni tó bá rí ọ̀wọ́ tírélà tó tò láti Mile 2 dé ẹnubodè èbúté ní àwọn ọdún wọ̀nyẹn mọ ohun tí ìyẹn ná ìlú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé òun nìkan kọ́ ló fa tírélà náà. Lẹ́yìn ọdún 2020 ni wọ́n tó tún gbé àwọn tuntun dé.

Mo ti sọ ti àbúrò. Ó ku ti ẹ̀gbọ́n.

Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún 1947, ní ilé-iṣẹ́ General Electric ní ìlú Schenectady ní Amẹ́ríkà, àwọn òṣìṣẹ́ ń dán ẹ̀rọ kan wò tí wọ́n ń pè ní synchrotron. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa lé ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù yí po, yí po, lójú ọ̀nà tó rí roboto. Òòfà ló ń fà wọ́n kí wọ́n má bàa yà kúrò lọ́nà. Wọ́n ṣàdédé rí ìmọ́lẹ̀ tó ń tàn láti ibi tí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù náà ti ń gba kọ́nà. Kò sí irin tí wọ́n forí sọ. Kọ́nà tí wọ́n ń gbà ló mú ìmọ́lẹ̀ jáde lára wọn. Ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń sáré lọ gbọọrọ kì í tan. Bí a bá ti yí ojú rẹ̀ sí ọ̀nà mìíràn, yóò ju díẹ̀ sílẹ̀ nínú agbára rẹ̀ ní ìmọ́lẹ̀.

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ ìgbà náà kà á sí àdánù, nítorí pé ohun tí wọ́n ń wá ni eré, ìmọ́lẹ̀ yìí sì ń jí agbára wọn kó. Nígbà tó yá ni àwọn mìíràn wá ń sọ pé ohun tí ẹ̀yin ń pè ní àdánù, òun gan-an ni àwa ń wá. Ní ọdún 1981, wọ́n ṣí èyí tí wọ́n kọ́ nítorí X-ray yìí nìkan sí Daresbury ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ní ọdún 1994, ti Grenoble ní ilẹ̀ Faransé, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ ESRF, gba àwọn olùwádìí wọlé. Òrùka tirẹ̀ gùn tó mítà 844 bí a bá wọ̀n ọ́n yíká. Mo ti ń pe irú ẹ̀rọ yìí ní òrùka ìmọ́lẹ̀ nínú ìwé àjákọ tèmi, bí mo ó sì ti máa pè é láti ibí lọ nìyẹn. Bí ẹnikẹ́ni nínú yín bá ní orúkọ tó dára jù ú lọ, kó mú un wá.

Kí la ń fi òrùka ìmọ́lẹ̀ ṣe? Ìtànṣán rẹ̀ mú débi pé ó lè fi bí àwọn ohun tíntìntín inú kòkòrò àrùn ṣe tò hàn wá, tàbí ohun tó wà nínú òkúta láìfọ́ ọ. Ní ọdún 2010, agbárí *Australopithecus sediba* tí wọ́n wà nílẹ̀ ní South Africa rìnrìn àjò lọ sí Grenoble, kí wọ́n lè wo inú rẹ̀ láìfi irin kàn án. Ẹ jẹ́ kí á rántí ìrìn àjò yẹn, nítorí pé mo ń padà bọ̀ sórí rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n ya ọ̀rọ̀ méjì sọ́tọ̀ ná. Ìmọ́lẹ̀ tó pọ̀ yàtọ̀ sí ìmọ́lẹ̀ tó mú. Fìtílà tí a gbé sáàárín àgbàlá ń tàn yí ká, ṣùgbọ́n kò lè fi abẹ́rẹ́ tó bọ́ sínú koríko hàn ọ́. Tọ́ọ̀ṣì tí kò ju fìtílà náà lágbára lè fi í hàn, nítorí pé gbogbo ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ ló kó jọ sójú kan. Ohun tí àwọn olùwádìí ń wá ni èyí tó mú. Kí ìmọ́lẹ̀ tó lè mú, àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ń jù ú jáde gbọ́dọ̀ fún pọ̀, kí wọ́n má fọ́n ká bí àgùntàn tí kò ní darandaran.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Àwọn ọ̀dọ́ kò wọ mólúè rí, ṣùgbọ́n àwọn àgbà yóò rántí. Bí mólúè bá ń bọ̀ láti Àpápá tó dé kọ́nà tó le nítòsí Costain, tí dẹ́rẹ́bà kò sì tẹ bíréèkì, gbogbo èrò tó dúró ni yóò sùn sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí kọ́nà náà bá ti le tó ni àwọn èrò yóò ti fọ́n ká tó. Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù nínú òrùka. Bí òòfà bá yí wọn lójijì, wọ́n á tan ìmọ́lẹ̀, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti ń jù ú sílẹ̀ ni ipa ọ̀nà wọn ń yàtọ̀ síra, tí wọ́n sì ń fẹ̀ bíi ríbọ́ọ̀nù pẹrẹsẹ. Ní Grenoble àtijọ́, ìpín 32 ni òrùka náà ní, kọ́nà méjì péré ló sì wà nínú ìpín kọ̀ọ̀kan. Kọ́nà líle ni wọ́n.

Ọgbọ́n tó yanjú rẹ̀ rọrùn láti sọ, ó ṣòro láti ṣe. Dípò kọ́nà líle méjì, ẹ ṣe kọ́nà pẹ̀lẹ́ méje. Àwọn ará Sweden ló kọ́kọ́ fi í kọ́ odidi òrùka ní ìlú Lund, èyí tí wọ́n ń pè ní MAX IV, wọ́n sì ṣí i ní oṣù kẹfà ọdún 2016. Kò pẹ́ tí Brazil fi tẹ̀ lé e pẹ̀lú Sirius ní Campinas. Ṣùgbọ́n òrùka tuntun ni àwọn wọ̀nyí kọ́. Ní Grenoble, òrùka àtijọ́ ló wà nílẹ̀, nínú ilé kan tí wọn kò fẹ́ wó. Pantaleo Raimondi, onímọ̀ ọmọ Ítálì, ló ṣáájú àwọn tó ya ètò kọ́nà méje tó lè wọ inú ihò tí kọ́nà méjì ti wà. Ní ọjọ́ 10 oṣù kejìlá ọdún 2018, wọ́n pa ẹ̀rọ náà, wọ́n tú òrùka jáde pátápátá, wọ́n sì to òmíràn tí òòfà rẹ̀ lé ní 1,000 sí ààyè rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020, nígbà tí àrùn kòrónà ṣì ń da ayé láàmú, wọ́n tún ṣílẹ̀kùn fún àwọn olùwádìí. Owó iṣẹ́ náà jẹ́ mílíọ̀nù 150 Yúrò.

Àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù tó ti fẹ̀ bíi ríbọ́ọ̀nù wá fún pọ̀, ìfọ́nká wọn sì dín kù ní nǹkan bí ìlọ́po 30. Ìmọ́lẹ̀ náà mú ju ti àtijọ́ lọ ní ìlọ́po 100. Iná mànàmáná tí wọ́n ń jẹ sì lọ sílẹ̀ ní nǹkan bí ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún.

Níbo ni wọ́n ti rí iná pamọ́? Ibi tí ó wù mí láti dúró sí pẹ́ jùlọ nìyí.

Ọ̀nà kìíní wà nínú kọ́nà fúnra rẹ̀. Ní kọ́nà líle, ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ń ju agbára púpọ̀ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ kò sì dé ọ̀dọ̀ olùwádìí kankan. Ara ògiri ni ó ń lù tó ń di ooru. Ibòmíràn ni ìtànṣán tó dára jù ti ń jáde, ní ojú ọ̀nà tó gún, níbi tí wọ́n to òòfà wẹ́wẹ́ sí kí àwọn ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lè máa wọ́ bí ejò. Nígbà tí kọ́nà di pẹ̀lẹ́, ohun tí ń ṣòfò ní yíyípo kọ̀ọ̀kan dín kù sí nǹkan bí ìdajì. Ohun tí a kò bá sì jù nù, a kì í ra òmíràn dípò rẹ̀.

Ọ̀nà kejì wà ní Ajégúnlẹ̀, bí ẹ bá mọ ibi tí ẹ ó wò. Mo máa ń dúró wo àwọn tó ń tún ẹ̀rọ ṣe létí títì. Òòfà oríṣi méjì ló wà níwájú wọn. Ọ̀kan ni èyí tí wọ́n fi wáyà bàbà wé, irú èyí tó wà nínú mọ́tọ̀ fáànù tàbí ẹ̀rọ tó ń fa omi. Bí iná bá wọ inú wáyà náà, ó di òòfà. Bí iná bá lọ, ó di irin lásán. Ó ń jẹ iná ní gbogbo ìgbà tó bá wà lẹ́nu iṣẹ́, ó sì ń gbóná, nígbà mìíràn títí wáyà yóò fi jóná, tí wọn yóò tún un wé. Èkejì ni òòfà dúdú roboto tó wà lẹ́yìn sípíkà. Ẹ yọ ọ́ jáde lára sípíkà tó ti kú láti ọdún mẹ́wàá, ẹ gbé e sún mọ́ ìṣó, yóò fà á. Kò bèèrè iná lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni rí. Ní ìsọ̀ kan tí mo mọ̀, ara rẹ̀ ni wọ́n ń lẹ ìdè àti ìṣó mọ́ kí wọ́n má bàa sọnù.

Òòfà wíwé ni ó kún inú òrùka Grenoble àtijọ́. Nínú èyí tuntun, òòfà 128 lára àwọn tó ń yí ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù lójú padà jẹ́ irú ti ẹ̀yìn sípíkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun èlò wọn, samarium àti cobalt, níye lórí ju ti sípíkà lọ jìnnà. Wọn kò jẹ iná, wọn kò sì gbóná, nítorí náà wọn kò nílò omi tútù tí yóò máa ṣàn gba inú wọn kọjá. Àléébù wọn ni pé ènìyàn kò lè pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni kò rọrùn láti dín agbára wọn kù tàbí kó fi kún un, ìdí nìyẹn tí àwọn òòfà yòókù fi ṣì jẹ́ wíwé. Èmi ò mọ ohun mìíràn nínú ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ òde òní tí ọmọ iṣẹ́ atúnrédíòṣe kan lè tètè mọ ìdí rẹ̀ tó báyìí.

Lẹ́yìn tí wọ́n ṣí òrùka tuntun yìí, ọ̀kan nínú iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ fi ṣe ni pé wọ́n ya àwòrán odidi ẹ̀dọ̀fóró ènìyàn tí kòrónà pa, tí wọ́n sì ń sún mọ́ ọn títí wọ́n fi rí ohun tí àrùn náà ṣe fún òpó ẹ̀jẹ̀ tó wẹ́ jùlọ nínú rẹ̀. Ọdún 2021 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde. Àwọn ará Amẹ́ríkà náà ti tú òrùka tiwọn ní Argonne nítòsí Chicago ní ọdún 2023, wọ́n sì ti tún un tò ní ọdún 2024.

Ẹ jẹ́ kí á padà sórí agbárí tó rìnrìn àjò. Nínú gbogbo ilẹ̀ ayé tí ènìyàn ń gbé, Áfíríkà nìkan ni kò ní òrùka ìmọ́lẹ̀ kankan. Ohun tí a bá fẹ́ wò, a óò gbé e lọ ni. Ẹ wo ibà Lásà, tí orúkọ rẹ̀ ti ìlú Lassa wá, ní ìpínlẹ̀ Borno, níbi tí wọ́n ti dá a mọ̀ ní ọdún 1969. Kathryn Hastie àti Erica Ollmann Saphire lo nǹkan bí ọdún mẹ́wàá kí wọ́n tó rí bí awọ ara kòkòrò náà ṣe tò, wọ́n sì gbé e jáde ní ọdún 2017. Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà ni ẹni tí àrùn náà ṣe tí kò pa ti wá, èyí tí ọmọ ogun ara rẹ̀ ran ìwádìí náà lọ́wọ́. Amẹ́ríkà ni ìmọ́lẹ̀ wà. Akẹ́kọ̀ọ́ wa tó bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ yóò kọ́kọ́ jà fún físà. Láti ọdún 2018 di ọdún 2021, ètò kan tí wọ́n ń pè ní START gba àwọn ọ̀dọ́ olùwádìí Áfíríkà láyè láti lo Diamond, òrùka ìmọ́lẹ̀ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní Didcot. Owó ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ló gbé e ró.

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, àwọn onímọ̀ láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè Áfíríkà àti àwọn ọ̀rẹ́ wọn pàdé ní Grenoble gan-an, wọ́n sì pinnu láti ṣiṣẹ́ títí Áfíríkà yóò fi ní tirẹ̀. Wọ́n tún pàdé ní Accra ní oṣù kìíní ọdún 2019. Nígbàkígbà tí mo bá sọ èyí fún àwọn ènìyàn wa, èsì àkọ́kọ́ tí mo ń gbọ́ ni pé: níbo ni ẹ ó ti rí iná? Èsì náà kò burú. Léraléra ni àkójọpọ̀ iná Nàìjíríà wó lulẹ̀ ní ọdún 2024. Bí iná bá sì ṣẹ́jú kan péré, gbogbo ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù inú òrùka lè sọnù, kí wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kọ́nà pẹ̀lẹ́ kò lè wo àìsàn yẹn sàn. Òrùka Grenoble tuntun pàápàá ṣì ń jẹ iná gidigidi.

Síbẹ̀, ará iwájú tó jìn sí kòtò ti kọ́ ará ẹ̀yìn lọ́gbọ́n. Ẹ wo Jordan. Òrùka ìmọ́lẹ̀ SESAME, tí àwọn orílẹ̀-èdè Àárín Ìlà-Oòrùn àti Egypt jọ ní, tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, tòkúnbọ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí Jámánì pa òrùka BESSY I ti Berlin tì ní ọdún 1999, wọ́n fi ẹ̀rọ rẹ̀ ta wọ́n lọ́rẹ. Ète àkọ́kọ́ ni láti tún òrùka àtijọ́ náà ṣe kí wọ́n sì lò ó. Wọ́n rò ó títí, wọ́n fi í sílẹ̀, wọ́n ya òrùka tuntun fún ara wọn, wọ́n sì lo èyí tó wúlò nínú tòkúnbọ̀ náà láti máa ti ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù wọ inú rẹ̀. Iná mànàmáná wọ́n gan-an ní Jordan. Ní oṣù kejì ọdún 2019, wọ́n ṣí oko iná oòrùn kan tó ń pèsè iye iná tí ẹ̀rọ náà ń jẹ.

Ẹnikẹ́ni tó bá dúró ní Àpápá mọ tòkúnbọ̀. Ó ń bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ lójoojúmọ́: mọ́tò, fíríìjì, jẹnẹrétọ̀. Owó rẹ̀ kì í wọ́n lọ́jọ́ tí a rà á. Lẹ́yìn ìgbà náà ni epo rẹ̀ ń wọ́n. Ní Didcot, wọ́n ti ṣètò láti pa Diamond ní ìparí ọdún 2027, kí wọ́n lè fi òrùka oníkọ́nà púpọ̀ rọ́pò rẹ̀. Bí àwọn tó ń gbèrò òrùka Áfíríkà bá bi mí léèrè, tèmi ni pé kí wọ́n má ṣe fọwọ́ kan òòfà wíwé àtijọ́ ẹnikẹ́ni, ì báà jẹ́ ọ̀fẹ́. Òrùka tí kò jẹ iná púpọ̀ yìí bá àwa tí a kò ní iná mu ju bó ti bá Faransé mu lọ, bátìrì àti oòrùn yóò sì tètè tó o ju èyí àtijọ́ lọ.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, ẹ̀rọ tó sún mọ́ ọn jùlọ wà ní Ilé-Ifẹ̀. Ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ní ibùdó ìwádìí agbára tí wọ́n ń pè ní CERD, ẹ̀rọ kan wà tí wọ́n ń pè ní Pelletron, agbára rẹ̀ sì jẹ́ mílíọ̀nù 1.7 fóòtì. Ó ti wà níbẹ̀ láti nǹkan bí ọdún 2008. Kò ní òrùka, kì í sì í ṣe ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù ni ó ń lé. Púrótọ́ọ̀nù ni ó ń sọ lu ohun tí a bá fẹ́ yẹ̀ wò, bí eruku inú afẹ́fẹ́ tàbí iyẹ̀pẹ̀, ohun náà yóò sì máa tan X-ray tirẹ̀ jáde, èyí tí a óò fi mọ̀ bóyá òjé wà nínú rẹ̀, tàbí irin, tàbí síńkì. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń kàwé ní Ifẹ̀, ẹ bèèrè ọ̀nà CERD.